Ìdílé Frank: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ohun tí ojú wọn rí, àti bí àwọn mọ̀lẹ́bí wọn ṣe tọ́jú ìtàn náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ orúkọ Anne Frank. Bí ẹ bá bi wọ́n ní orúkọ ìyá rẹ̀, tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹnu á wọhò. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń béèrè jọ síbí, tí mo sì dáhùn wọn bí ìtàn ilé kan: bàbá, ìyá, ọmọ obìnrin méjì, ìyá àgbà méjì, àti àwọn ẹbí tí ogun fọ́n káàkiri. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n kí àrọ́bá tó wà, ẹnì kan ní láti ṣẹ́kù tí yóò sọ ọ́. Nínú ilé yìí, díẹ̀ ló kù kí ó má sí ẹnì kankan.

Kí ni wọ́n ń pè ní Holocaust?

Orúkọ tí ayé fi ń pe ìpakúpa tí ìjọba Násì ti Jámánì, lábẹ́ Adolf Hitler, pa àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù ni. Àwọn Júù fúnra wọn ń pè é ní Shoah, èyí tó túmọ̀ sí àjálù ní èdè Hébérù. Inúnibíni ti bẹ̀rẹ̀ láti 1933 tí Hitler gorí àlééfà, ṣùgbọ́n láti 1941 títí di 1945 ni wọ́n sọ ìpànìyàn di iṣẹ́ ìjọba, tó ní ọ́fíìsì, tó ní akọ̀wé, tó ní àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbéra. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 Júù ni wọ́n pa. Wọ́n yìnbọn pa àwọn kan létí kòtò, ebi àti àìsàn pa àwọn kan ní àdúgbò tí wọ́n há wọn mọ́, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ olóró pa àwọn kan nínú yàrá tí wọ́n dìídì kọ́ fún iṣẹ́ náà. Wọ́n pa àwọn Roma, ẹ̀yà kan tó fọ́n káàkiri Yúróòpù, àti àwọn aláàbọ̀ ara pẹ̀lú.

Ṣé àlejò ni ìdílé Frank ní Jámánì ni?

Rárá o. Frankfurt ni wọ́n bí Otto Frank sí, ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí, ọdún 1889. Nígbà Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́, ó jagun fún Jámánì, ó sì di lẹ́fútẹ́náǹtì. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní 1925 ló fi gbé Edith Holländer níyàwó, ọmọ oníṣòwò kan ní ìlú Aachen. Wọ́n bí Margot ní ọjọ́ 16 oṣù Èrèlé, 1926. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù, 1929. Annelies Marie ni wọ́n sọ ọ́, Anne ni gbogbo ilé ń pè é.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ní oṣù Bélú 1941, ìjọba tí ọkùnrin yìí ti wọ aṣọ ogun rẹ̀ rí gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ gbogbo Júù Jámánì tó ń gbé lẹ́yìn odi. Láti ọjọ́ náà, Otto àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kankan mọ́.

Kí ló dé tí wọn kò tètè sá?

Wọ́n sá. Mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ìyẹn lélẹ̀, torí ìbéèrè yìí máa ń dùn mí. Ó máa ń dà bí ẹni pé à ń di ẹ̀bi ru ẹni tí wọ́n pa.

Kò pé ọdún kan tí Hitler gorí oyè tí Otto ti wà ní Amsterdam, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ó bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Opekta níbẹ̀, wọ́n ń ta èròjà tí àwọn ìyàwó ilé fi ń mú kí jáàmù dì. Edith kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Aachen títí wọ́n fi rí ilé gbà. Margot dé Amsterdam ní oṣù Ọ̀pẹ 1933, Anne dé ní oṣù Èrèlé 1934, gbogbo wọn sì ń gbé ní Merwedeplein. Ìyá Otto, Ìyá Àgbà Alice, kó lọ sí Basel ní Swítsàlandì, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Leni, ti wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Erich Elias. Robert tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Otto gba London lọ. Herbert, àbúrò rẹ̀, wà ní Paris. Àwọn tó ti ń jẹun lórí tábìlì kan ní Frankfurt wá di ará ìlú mẹ́rin, tí ó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló ń so wọ́n pọ̀.

Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Bélú, 1938, wọ́n dáná sun àwọn sínágọ́gù jákèjádò Jámánì, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin lọ sí àgọ́ ìṣẹ́níṣẹ̀ẹ́. Walter, ẹ̀gbọ́n ìyá Anne lọ́kùnrin, wà lára àwọn tí wọ́n kó. Sachsenhausen ni wọ́n mú un lọ. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Julius rí ọ̀nà dé Amẹ́ríkà. Ìyá wọn, Ìyá Àgbà Rosa, wá bá Edith ní Amsterdam ní oṣù Ẹrẹ́nà 1939, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1942.

Otto náà ti kọ̀wé béèrè físà Amẹ́ríkà ní Rotterdam láti 1938. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èbìbí, 1940, bọ́ǹbù Jámánì bà lé Rotterdam, ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà jóná, ìwé gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà sì jóná mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1941, Otto kọ lẹ́tà sí Nathan Straus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì Heidelberg, ẹni tó lówó, tó sì mọ àwọn ènìyàn ńláńlá ní Washington. Straus gbìyànjú. Julius àti Walter náà ti múra tán láti ṣe onídùúró. Àṣé Amẹ́ríkà ti ń mú òfin le sí i: wọ́n ń fura sí ẹnikẹ́ni tí ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́ bá ṣì wà lábẹ́ Jámánì pé wọ́n lè fi sọ ọ́ di amí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti àwọn ọ́fíìsì wọn ní àwọn ilẹ̀ tí Jámánì gbà pa.

Ó kù Kúbà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ, 1941, físà jáde fún Otto nìkan ṣoṣo. Ìrètí rẹ̀ ni pé bí òun bá dé ibẹ̀, òun á fa àwọn yòókù. Ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn kan náà, Jámánì kéde ogun sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fagi lé físà náà. Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ẹni tó bá ka àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn kò ní béèrè mọ́ pé kí ló dé tí wọn kò sá.

Báwo ni ìgbésí ayé ṣe rí lẹ́yìn tí Jámánì wọ Nẹ́dálándì?

Ọjọ́ 10 oṣù Èbìbí, 1940 ni àwọn sójà Jámánì wọlé, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí ilẹ̀ náà fi túúbá. Ìyà kò dé lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún okùn náà mọ́ wọn lọ́rùn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1941, wọ́n ní kí gbogbo Júù lọ forúkọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ sì lọ, torí ìjọba tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ìwé orúkọ yẹn ni wọ́n fi wá wọn délé lẹ́yìn náà. Wọn kò gbọ́dọ̀ wọ sinimá mọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà ìtura. Margot àti Anne kúrò nílé ìwé tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n lọ sí ilé ìwé tí ó jẹ́ ti Júù nìkan. Júù kò gbọ́dọ̀ ní ilé iṣẹ́, nítorí náà Otto yí orúkọ òwò rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí. Láti oṣù Èbìbí 1942, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 6 ní láti rán ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè mọ́ aṣọ rẹ̀. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ wọn. Wọn kò gbọ́dọ̀ wọ tíráàmù. Kónílé-ó-gbélé di agogo 8 alẹ́ sí agogo 6 àárọ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo ìlú dákẹ́ o. Ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé, 1941, àwọn òṣìṣẹ́ Amsterdam da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn Júù tí wọ́n ń kó: àwọn awakọ̀ tíráàmù, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, gbogbo wọn. Jámánì fi ìbọn fọ́n wọn ká. Mo fẹ́ kí á máa rántí ọjọ́ yẹn.

Ibo ni wọ́n sá pamọ́ sí, ta ló sì ń bọ́ wọn?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ, 1942, ìwé ìpè dé fún Margot, ọmọ ọdún 16, pé kí ó wá lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi gbéra. Wọ́n wọ aṣọ lé aṣọ, torí Júù tó bá gbé àpótí lójú pópó ń pe ọlọ́pàá síra rẹ̀ ni. Òjò ń rọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Prinsengracht 263, ilé tí ilé iṣẹ́ Otto wà. Ilé náà ní apá ẹ̀yìn kan tí ará ìta kò lè rí láti ojú títì, òkè ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́jú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 13, ìdílé van Pels wá bá wọn: Hermann, Auguste àti ọmọ wọn Peter. Ní oṣù Bélú, Fritz Pfeffer, oníṣègùn eyín, di ẹni kẹjọ. Johan Voskuijl fi pákó kan pẹpẹ ìkówèésí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ìyẹn ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà.

Láti àárọ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ á fi lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi, ikọ́ gan-an ní láti di gbígbé mì. Ọdún méjì àti nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń bọ́ wọn ni Miep Gies, Bep Voskuijl ọmọ Johan, Johannes Kleiman àti Victor Kugler, gbogbo wọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà, pẹ̀lú Jan ọkọ Miep, tó ń bá wọn wá káàdì oúnjẹ. Wọ́n mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, àgọ́ ni ó ń dúró de àwọn náà. Ìtàn Miep ló máa ń mú mi lọ́kàn jù. Vienna ni wọ́n bí i sí, ebi lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún 11, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wá sí Nẹ́dálándì pé kí ó wá jẹun. Ìdílé kan tí kò mọ̀ rí gbà á, wọ́n tọ́ ọ di obìnrin. Nígbà tí Otto bi í bóyá ó lè ran àwọn lọ́wọ́, kò ní kí òun lọ rò ó. Ó ní òun á ṣe é.

Ta ló tú àṣírí wọn?

Kò sí ẹni tí ẹ̀rí tó dájú tọ́ka sí títí di òní. Wọ́n ti ka orúkọ oríṣiríṣi ènìyàn sí i, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ti já ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní koro. N kò ní dárúkọ òkú kankan níbí lórí ohun tí wọn kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ní ọjọ́ 4 oṣù Ògún, 1944, Karl Silberbauer, ọ̀gá ọlọ́pàá Násì kan, wọlé pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá Nẹ́dálándì, wọ́n sì kó àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pẹ̀lú Kleiman àti Kugler.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn?

Àgọ́ Westerbork ní Nẹ́dálándì ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 1944, wọ́n kó wọn sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn àti lé díẹ̀, wọ́n forí lé àgọ́ ìpànìyàn Auschwitz ní Pólàndì. Ọkọ̀ yẹn ni ọkọ̀ ìkẹyìn tó lọ láti Westerbork sí Auschwitz. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lóru, wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n ya obìnrin sọ́tọ̀. Ibi ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni Otto ti rí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn.

Hermann van Pels kú sínú yàrá afẹ́fẹ́ olóró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní òpin oṣù Ọ̀wàrà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú, wọ́n kó Margot àti Anne lọ sí àgọ́ Bergen-Belsen ní Jámánì, Edith sì ṣẹ́kù sí Auschwitz. Ebi àti àìsàn pa á ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1945. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Soviet dé. Fritz Pfeffer kú ní àgọ́ Neuengamme ní oṣù Ọ̀pẹ 1944. Auguste van Pels kò padà wálé. Peter, ọmọ ọdún 18, máa ń wá oúnjẹ wá fún Otto nínú àgọ́ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn Násì ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n jáde kí àwọn Soviet tó dé, Otto wà nínú ilé àwọn aláìsàn, ó ní kí Peter fara pamọ́ ti òun. Peter rò pé òun ṣì lágbára láti rìn. Ó kú ní àgọ́ Mauthausen ní oṣù Èbìbí, nígbà tí ogun ti parí tán.

Nínú àwọn mẹ́jọ, Otto nìkan ló yè.

Ṣé afẹ́fẹ́ olóró ló pa Anne?

Rárá. Òun àti Margot kó àrùn typhus ní Bergen-Belsen, èyí tí iná ara, kòkòrò kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀, máa ń gbé láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ó yàtọ̀ sí ibà táífọ́ọ̀dù tí àwa mọ̀, tó ń ti inú omi àti oúnjẹ wá. Ibi tí èrò ti pọ̀ jù, tí kò sí omi ìwẹ̀, tí kò sí aṣọ pààrọ̀, ló ti ń pa ènìyàn bí ẹni ń wó ọgbà. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ikú wọn sílẹ̀; oṣù Èrèlé 1945 ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó jẹ́, Margot ṣáájú, àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Igbe. Anne kò pé ọmọ ọdún 16.

Báwo ni bàbá wọn ṣe gbọ́?

Lẹ́ẹ̀mejì ni ó gbọ́ ọ. Ní oṣù Èrèlé 1945, Otto ti kọ lẹ́tà láti Auschwitz sí ìyá rẹ̀ ní Basel pé òun yè, pé àwọn ará Rọ́ṣíà ti gba òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tí Edith àti àwọn ọmọ wà. Ẹ wo ọkùnrin ẹni ọdún 55 tó ń kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ bí ọmọdé tó sọ nù. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ní ìlú Katowice, obìnrin kan tó wà pẹ̀lú Edith nínú àgọ́, Rosa de Winter, sọ fún un pé Edith ti kú. Ó gba Odessa, ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Marseille, ó sì dé Amsterdam ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù. Ilé Miep àti Jan ló wọ̀ sí.

Ó ń retí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti àgọ́ dé. Ní oṣù Agẹmọ, ó bá àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan pàdé, Janny àti Lien Brilleslijper, tí wọ́n wà ní Bergen-Belsen pẹ̀lú wọn. Wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí fún un.

Ọjọ́ yẹn ni Miep ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Kí ló wà nínú dúrọ́ọ̀ náà?

Ìwé Anne. Wọ́n fún un ní ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pupa pẹ̀lú funfun nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 13, ó sì ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, ó sì tún kọ ọ́ sínú àwọn ìwé mìíràn nígbà tí èyí kún. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944, ó gbọ́ lórí rédíò láti London tí mínísítà kan ní ìjọba Nẹ́dálándì tó sá lọ síbẹ̀ ní kí àwọn ará ilé tọ́jú àkọsílẹ̀ ìyà tó ń jẹ wọ́n. Láti ìgbà náà ló ti ń tún ìwé rẹ̀ kọ sórí bébà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ó fẹ́ kí ayé kà á. Ọjọ́ tí wọ́n mú wọn, Silberbauer da bébà inú báàgì kan sílẹ̀ kí ó lè rí nǹkan kó owó àti wúrà sí. Miep àti Bep ṣa á nílẹ̀. Miep kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀ de Anne. Ó sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé bí òun bá kà á ni, òun ì bá dáná sun ún, torí orúkọ gbogbo àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ìyá àgbà. Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí, òun gan-an sì ni mo fi ń pe ìtàn yìí ní ìtàn ẹbí. Kí ó tó di ìwé títà, Otto ń tú àwọn apá kan rẹ̀ sí èdè Jámánì, torí ìyá rẹ̀ ní Basel kò gbọ́ èdè Dutch, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i. Bàbá tí ọmọ kú mọ́ ń fi lẹ́tà sọ ohùn ọmọ rẹ̀ fún ìyá tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi han àwọn ọ̀rẹ́. Jan Romein, onímọ̀ ìtàn, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Het Parool ní ọjọ́ 3 oṣù Igbe, 1946, ìwé náà sì jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Òkúdù, 1947. Ó ti wà ní èdè tó lé ní 70 báyìí.

Otto sọ pé ìwé náà fi ọmọ mìíràn han òun, yàtọ̀ sí èyí tí òun rò pé òun mọ̀, ó sì ní ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ ọmọ wọn dé inú.

Ṣé òótọ́ ni pé Otto yọ àwọn nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀?

Òótọ́ ni. Ó yọ díẹ̀ lára ibi tí Anne ti bínú sí ìyá rẹ̀, àti ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ bí ọmọbìnrin tó ń dàgbà. Edith ti kú, kò lè gbèjà ara rẹ̀. N kò bá Otto wí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé odidi rẹ̀ ti wà nítẹ̀ báyìí, torí ọmọ tó ń bínú sí ìyá rẹ̀ ni ọmọ gidi.

Àwọn kan ní ayédèrú ni ìwé náà. Kí ni ìdáhùn yín?

Irọ́ ni, wọ́n sì ti tú irọ́ náà wò dáadáa. Nígbà tí olùkọ́ kan ní Lübeck kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, Otto gbé e lọ sí kóòtù. Àwọn onímọ̀ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, olùkọ́ náà sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn ikú Otto, ilé iṣẹ́ ìwádìí ogun ti ìjọba Nẹ́dálándì fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ bébà, gọ́ọ̀mù, íǹkì àti ọwọ́ ìkọ̀wé wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986: ọwọ́ Anne ni. Ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ báírò, pé kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Bébà kéékèèké méjì péré ni báírò wà lára wọn, àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn ogun ló sì fi wọ́n sáàárín ìwé náà.

Ẹni tó ń sọ pé wọn ò pa àwọn Júù kò kàn ṣe àṣìṣe lórí ìwé kan. Ó ń sọ fún bàbá kan pé kò bímọ rí.

Kí ni àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà ní Basel ṣe?

Wọn kò da nǹkan nù. Àwọn lẹ́tà tí Otto, Edith àti àwọn ọmọ kọ sí wọn, fọ́tò, ìwé ẹ̀rí, àwo, àga tí Ìyá Àgbà Alice kó wá láti Frankfurt, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ilé àwọn Elias. Ìyá àgbà kú ní 1953. Ọmọ Leni, Bernhard, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Buddy, ló dàgbà sínú ilé náà. Ó ju Anne lọ ní ọdún mẹ́rin, wọ́n sì jọ ṣeré nígbà kékeré. Buddy di apanilẹ́rìn-ín lórí yìnyín, ó ń bá ẹgbẹ́ Holiday on Ice káàkiri ayé, lẹ́yìn náà ó di òṣèré orí ìtàgé. Nígbà tó yá, ó di alága Anne Frank Fonds, àjọ tí Otto dá sílẹ̀ ní Basel ní 1963. Ìyàwó Buddy ló gun òkè àjà lọ, tó sì rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti fi púpọ̀ nínú wọn sọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní Frankfurt. Ẹrù tí ìyá àgbà fi sá kúrò níbẹ̀ ní 1933 ti padà sílùú tí wọ́n ti kó o wá. Buddy kú ní 2015.

Ṣé Otto tún fẹ́ ìyàwó?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Bélú 1953. Elfriede Geiringer lorúkọ rẹ̀, Fritzi ni wọ́n ń pè é. Ará àdúgbò kan náà ni wọ́n ní Merwedeplein. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Eva, ti Auschwitz bọ̀. Ọkọ rẹ̀ Erich àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin Heinz kú sí Mauthausen tàbí àgọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wọn lọ sí Auschwitz, Heinz sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun ti fi àwọn àwòrán tí òun yà nígbà tí wọ́n ń sá pamọ́ sábẹ́ pákó ilẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ìyá àti ọmọ padà lọ, wọ́n ṣí pákó, wọ́n bá wọn níbẹ̀. Àwọn àwòrán náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ajàjàgbara ní Amsterdam báyìí.

Otto àti Fritzi jọ jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń dáhùn lẹ́tà tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ sí Otto láti gbogbo ayé. Otto kú ní ọjọ́ 19 oṣù Ògún, 1980, Fritzi ní 1998. Eva Schloss, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe wá di, lo nǹkan bí 40 ọdún láìlè sọ̀rọ̀ ìta gbangba nípa ohun tójú rẹ̀ rí. Ní 1986, níbi ìpàtẹ kan ní London, wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ yẹn ni kò sì dákẹ́ mọ́, ó lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe bínú sí àgbà tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ṣé gbogbo ìdílé Júù ló ní irú àkọsílẹ̀ yìí?

Rárá, díẹ̀ ló ní in. Nǹkan bí 107,000 Júù ni wọ́n kó lọ láti Nẹ́dálándì, àwọn tó padà kò ju bí 5,000 lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò sí Otto tí yóò padà wá, tí kò sí Miep tí yóò ṣa bébà nílẹ̀, tí kò sí ìyá àgbà ní Basel tí yóò tọ́jú lẹ́tà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, bí wọ́n bá wà, máa ń lọ sí ilé àkọsílẹ̀ Arolsen ní Jámánì, níbi tí wọ́n kó ìwé àwọn àgọ́ jọ sí. Níbẹ̀, ẹnì kan lè rí nọ́ńbà ìyá rẹ̀ àgbà, ọjọ́ tí wọ́n kó o wọlé, kí ó má sì rí nǹkan mìíràn.

Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2021, wọ́n ṣí ògiri ìrántí kan ní Weesperstraat ní Amsterdam. Bíríkì tó lé ní 102,000 ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì kọ orúkọ ẹnì kan, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti iye ọdún tó lò láyé sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Edith, Margot àti Anne wà níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan bíríkì mìíràn wà tí wọn kò kọ nǹkan kan sí, fún àwọn tí kò ṣẹ́ku ẹnì kankan tí yóò dárúkọ wọn.